Àpótí tó fò lọ sí 2050

Ohun tí mo ní kó ṣe kò le rárá. Àpótí kékeré kan wà lójú síkíríìnì, píksẹ́lì 20 sí etí òsì, mo sì fẹ́ kó rọra rìn dé 120 láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan. Mo tẹ bọ́tìnì, àpótí pòórá. Mo tún ojú ìwé náà ṣí, mo tún bọ́tìnì tẹ̀, ó tún pòórá. Ìgbà tí mo ṣí irinṣẹ́ inú bùráúsà, tí mo dá ìrìn náà dúró ní àárín, ni mo tó rí ibi tí àpótí mi wà. Ibi tó yẹ kó wà ni 70. Ibi tó wà ni 2050.

Nọ́ńbà yẹn ò sí níbì kankan nínú kóòdù mi. Console, ibi tí bùráúsà máa ń kọ àṣìṣe sí, dákẹ́, kò sí ìlà pupa kankan níbẹ̀. Odidi alẹ́ ọjọ́ kan ló gbà mí kí n tó mọ ibi tó ti wá. Ojú ìwé náà ní àyè ìkọ̀wé méjì tí èèyàn lè kọ nọ́ńbà ìbẹ̀rẹ̀ àti ti ìparí sí. Ohun tí `input.value` máa ń dá padà sì ni string, ìyẹn ọ̀rọ̀ lásán lójú kọ̀ǹpútà, kódà bí ẹ bá kọ `type="number"` sí i lára. "20" tó wà láàárín àmì ọ̀rọ̀ ni mo ní lọ́wọ́, kì í ṣe 20. Ìlà kan ṣoṣo tó wà nídìí gbogbo animation, ìyẹn mímú nǹkan rìn lójú síkíríìnì, sì rèé:

```js
from + (to - from) * t
```

`t` ni bí ìrìn náà ṣe jìnnà tó: 0 ní ìbẹ̀rẹ̀, 1 ní ìparí. Ẹ bá mi wò ó dáadáa. Àmì ìyọkúrò ló wà nínú àkámọ́, ọ̀rọ̀ kì í sì í ṣe ohun tí a ń yọ kúrò nínú ọ̀rọ̀, nítorí náà JavaScript, èdè tí mo fi ń kọ kóòdù yìí, sọ méjèèjì di nọ́ńbà láìbi mí: 120 yọ 20 kúrò, ó ku 100. Ìdajì rẹ̀ jẹ́ 50. Títí dé ibẹ̀, gbogbo rẹ̀ dára. Ó wá kan `+`. Iṣẹ́ méjì ni àmì yìí ń ṣe: ó ń ro nọ́ńbà pọ̀, ó sì ń so ọ̀rọ̀ mọ́ ọ̀rọ̀. Ó rí "20" lápá òsì, ó gbà pé ọ̀rọ̀ ni, ó so 50 mọ́ ọn nídìí. Bí a ṣe dé "2050" nìyẹn. Kódà ní ìbẹ̀rẹ̀ pàá, tí `t` ṣì jẹ́ 0, "200" ló jáde. Ní ìparí, "20100".

Alẹ́ ọjọ́ yẹn ni mo bẹ̀rẹ̀ sí í kọ láíbírárì animation tèmi, ìyẹn àkójọ kóòdù tí ẹlòmíràn lè mú lò. Kì í ṣe pé kò sí èyí tó dára níta. Mo fẹ́ kọ èyí tí kò ní gba nǹkan kan wọlé láìjẹ́ pé nǹkan náà ti sọ irú ohun tó jẹ́.

Ọ̀pọ̀ láíbírárì ló ń fi ojú wọn dá irú dátà mọ̀. `d3.interpolate` ti láíbírárì D3, fún àpẹẹrẹ, máa ń wo iye tí ẹ fẹ́ parí sí: bó bá jẹ́ nọ́ńbà, ọ̀nà kan, bó bá jẹ́ àwọ̀, ọ̀nà mìíràn, bó bá jẹ́ string, yóò wá àwọn nọ́ńbà tó fara pamọ́ sínú rẹ̀, yóò sì pò wọ́n lọ́kọ̀ọ̀kan, ìyẹn ni pé yóò wá iye tó wà láàárín ìbẹ̀rẹ̀ àti ìparí. Iṣẹ́ ọwọ́ gidi ni, mo sì kọ́ nǹkan púpọ̀ lára kóòdù rẹ̀. Ṣùgbọ́n mo fẹ́ kí ẹni tó ń lo tèmi fi ẹnu ara rẹ̀ sọ ọ́. Nítorí náà, irú kọ̀ọ̀kan nínú láíbírárì mi jẹ́ nǹkan kékeré tó mọ iṣẹ́ mẹ́ta: ó mọ bí a ṣe ń ka iye rẹ̀ láti inú ohun tí wọ́n fún un, ó mọ bí a ṣe ń po iye méjì pọ̀, ó sì mọ bí a ṣe ń kọ àbájáde rẹ̀ síta fún bùráúsà.

```js
const nomba = {
  ka(s) {
    if (String(s).trim() === "") throw new TypeError("ofo");
    const n = Number(s);
    if (Number.isNaN(n)) throw new TypeError("ki i se nomba: " + s);
    return n;
  },
  po: (a, b, t) => a + (b - a) * t,
  ko: n => String(n),
};
```

Ìlà tó ń yẹ òfo wò yẹn ṣe pàtàkì, nítorí pé `Number("")` kì í bínú, 0 ló máa ń fún yín. Ẹni tó gbàgbé láti kọ nǹkan kan sí àyè ìkọ̀wé yóò kàn rí i pé àpótí rẹ̀ sáré lọ sí igun. Mo sì mọ̀ọ́mọ̀ yẹra fún `parseFloat`. `parseFloat("100px")` yóò fún yín ní 100, yóò sì da `px`, ìyẹn píksẹ́lì, nù láìsọ fún ẹnikẹ́ni. `Number("100px")` kò gbà, NaN, ìyẹn "kì í ṣe nọ́ńbà", ló ń fún wa, a sì lè fi ìyẹn mú àṣìṣe náà lẹ́nu ọ̀nà. Bí èèyàn bá fẹ́ nọ́ńbà tó ní ìwọ̀n nídìí, irú tirẹ̀ wà lọ́tọ̀, irú yẹn kì í sì í gbà láti po `px` mọ́ `%`, nítorí pé 50% ò ní ìtumọ̀ títí a ó fi mọ bí ohun tó gbé e ró ṣe fẹ̀ tó.

Ẹ ó ti rí i pé mi ò fi àmì ohùn sórí `ka`, `po` àti `ko`. Ó dùn mí láti kọ wọ́n báyìí. JavaScript gbà wá láyè láti fi `kọ` pe function, ìyẹn iṣẹ́ tí a fún lórúkọ nínú kóòdù, mo sì fi pè é ní ìbẹ̀rẹ̀. Wàhálà ibẹ̀ ni pé ọ̀nà méjì ni kọ̀ǹpútà lè gbà tọ́jú lẹ́tà ọ: ó lè jẹ́ àmì kan ṣoṣo, ó sì lè jẹ́ o tí a fi àmì ìsàlẹ̀ tẹ̀lé. Lójú wa ọ̀kan náà ni wọ́n. JavaScript kì í so orúkọ méjèèjì pọ̀, orúkọ ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni wọ́n jẹ́ lọ́dọ̀ rẹ̀. Mo fi bọ́tìnì kọ̀ǹpútà kan tẹ̀ ẹ́ níbì kan, mo fi ti fóònù tẹ̀ ẹ́ níbòmíràn, ó sì sọ fún mi pé òun ò mọ function tí mo ń pè. Nítorí náà mo bọ́ àmì kúrò nínú kóòdù, mo fi sílẹ̀ fún àlàyé tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀.

Àwọ̀ ló jẹ́ kí n rí i pé irú dátà kì í ṣe ọ̀rọ̀ nọ́ńbà àti string nìkan. Níbi iṣẹ́ kan, wọ́n gbé kóòdù kan lé mi lọ́wọ́ tó yẹ kó mú bọ́tìnì kúrò ní pupa lọ sí búlúù. Ó ń ṣẹ́jú. Ó ń di àwọ̀ ọsàn, ó ń di eérú, gbogbo rẹ̀ láàárín ìdajì ìṣẹ́jú àáyá. Ẹni tó kọ ọ́ ka `#ff0000`, tó jẹ́ kóòdù àwọ̀ pupa, sí odidi nọ́ńbà kan ṣoṣo, 16711680, ó sì ka `#0000ff`, ti búlúù, sí 255. Nọ́ńbà gidi ni méjèèjì o. `nomba` mi yìí gan-an ì bá gbà wọ́n wọlé.

Ẹ jẹ́ ká bá a ṣe ìṣirò náà. Bí `t` bá jẹ́ 0.1, odidi nọ́ńbà tó jáde ni 15040537. Kọ ọ́ padà sí ìṣirò onímẹ́rìndínlógún (tó ń fi 0 sí 9 àti a sí f ka nọ́ńbà), ó di `#e58019`: pupa 229, àwọ̀ ewé 128, búlúù 25. Ewé 128! Ewé ò sí níbẹ̀rẹ̀, kò sí ní ìparí. Ní 0.25, ó di `#bf403f`, ewé ti wálẹ̀ sí 64. Ní ìdajì, ó di `#7f807f`, ewé ti padà sókè sí 128, bọ́tìnì sì di eérú. Ohun tó fà á ni pé àyè mẹ́ta ló wà nínú nọ́ńbà náà, pupa lápá òsì, ewé láàárín, búlúù lápá ọ̀tún. Bí pupa bá dín dé 229 àti ààbọ̀, ààbọ̀ yẹn ò lè dúró sí àyè pupa, inú àyè ewé ló ń dà sí. Ìdajì 256 sì ni 128. Bí pupa ṣe ń dín lọ ni ajẹkù rẹ̀ ń gorí ewé, tó ń sọ̀ kalẹ̀, tó tún ń gorí rẹ̀.

Ibi tí a bá pè lórí, a kì í fi tẹ ilẹ̀. Ohun tí a pè ní àwọ̀ gbọ́dọ̀ jẹ́ àwọ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀ dé ìparí. `ka` ti irú àwọ̀ máa ń tú u sí mẹ́ta, `po` máa ń po pupa mọ́ pupa, ewé mọ́ ewé, búlúù mọ́ búlúù, ìgbà yẹn ni ìdajì ọ̀nà yóò tó di `#800080` bó ṣe yẹ.

Igun náà tún ní ìwà tirẹ̀. Láti dígírì 350 sí 10, ogún dígírì péré ló wà láàárín wọn. Ṣùgbọ́n bí ẹ bá fún `nomba`, yóò yí padà sẹ́yìn ní 340. Ìlà kan ni mo fi tún un ṣe: `((b - a + 540) % 360) - 180` ni iye tó yẹ kó rìn, tí igun méjèèjì bá ti wà láàárín 0 sí 360. Nítorí pé a fi 540 kún un, kò lè kéré ju òdo lọ kó tó dé ọ̀dọ̀ `%`. Àǹfààní ńlá nìyẹn, nítorí `%` ti JavaScript máa ń fi àmì ìdín sílẹ̀ lórí nọ́ńbà tó bá gbé e wá. Bẹ́ẹ̀ ni ti irú dátà òótọ́ àti irọ́ (`true` àti `false`): kò sí ìdajì òótọ́, nítorí náà `po` tirẹ̀ kàn máa ń dúró dé àárín ni, yóò sì yí padà lẹ́ẹ̀kan náà.

Inú mi dùn púpọ̀ nígbà tí mo rí i pé bùráúsà fúnra rẹ̀ ń ronú báyìí. Bí ẹ bá ní `--awo`, orúkọ tí ẹ fúnra yín fún iye kan, nínú CSS (èdè tí a fi ń ṣe ojú ìwé lọ́ṣọ̀ọ́), tí ẹ sì ní kí animation mú un láti pupa lọ sí búlúù, kò ní pò ó. Yóò dúró lórí pupa títí dé ìdajì, yóò sì fò sórí búlúù. Kò mọ̀ pé àwọ̀ ni, ẹ ò sì sọ fún un. Ẹ kọ `@property` sílẹ̀ fún un, kí ẹ sọ pé `syntax` rẹ̀ jẹ́ `"<color>"`, ojú ẹsẹ̀ ni yóò bẹ̀rẹ̀ sí í rọra yí. Mo gbé ojú ìwé méjèèjì sẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn lọ́jọ́ tí mo dán an wò, mo wò wọ́n bí ìgbà mẹ́wàá.

Ó wá ku àkókò. Mo rò pé ibẹ̀ ni yóò rọrùn, torí pé aago kan ṣoṣo ló wà. Ìwọ̀n aago yẹn gan-an ló kọ́kọ́ dá mi lágara. Láíbírárì animation ni GSAP àti anime.js. GSAP ń ka àkókò ní ìṣẹ́jú àáyá. anime.js ń kà á ní milisẹ́kọ́ńdì, bẹ́ẹ̀ ni `element.animate` tó wà nínú bùráúsà. CSS nìkan ló ń béèrè pé kí a kọ `s` tàbí `ms` sí i nídìí. Mo gbé iṣẹ́ kan láti inú ọ̀kan lọ sínú èkejì nígbà kan, mo sì fi 300 sílẹ̀ bó ṣe wà. Ìdá mẹ́ta nínú mẹ́wàá ìṣẹ́jú àáyá ni mo ní lọ́kàn. Ohun tó gbọ́ ni 300 ìṣẹ́jú àáyá, ìyẹn ìṣẹ́jú márùn-ún. Gbogbo wa wo ojú ìwé náà, a ní ó ti gan. Kò gan, ó ń rìn, ojú wa ni kò lè rí i. Láti ìgbà náà, nínú láíbírárì mi, iye àkókò náà ní irú tirẹ̀: `"300ms"` tàbí `"0.3s"`. Nọ́ńbà lásán kò lè wọlé.

Ẹ̀yìn ìyẹn ni bí a ṣe ń mọ ibi tí aago dé. `requestAnimationFrame` ló ń pe kóòdù wa kí bùráúsà tó kun férémù tó kàn, ìyẹn àwòrán kan nínú àwọn àwòrán tó ń tẹ̀ léra lójú síkíríìnì. Lórí síkíríìnì tó ń kun ìgbà 60 láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan, bíi milisẹ́kọ́ńdì 16.67 ló wà láàárín férémù kan àti èkejì. Kóòdù mi àkọ́kọ́ ń fi 16.67 kún àkókò nígbàkígbà tí wọ́n bá pè é, ó sì ń lọ dáadáa lọ́dọ̀ mi. Ẹnìkan tí a jọ ń ṣiṣẹ́ ṣí i lórí síkíríìnì oní-144. Ìrìn tó yẹ kó gba milisẹ́kọ́ńdì 1000 parí ní nǹkan bí 417. Ó ní, "Kí ló ń lé e?" Aago mi kì í ṣe aago, férémù ló ń kà.

Nítorí náà, ẹ má ṣe ro àkókò jọ. Ẹ wọ̀n ọ́n. `requestAnimationFrame` máa ń fi àkókò tí férémù bẹ̀rẹ̀ ránṣẹ́ sí function yín, gbogbo function tó bá pè nínú férémù kan náà ló sì ń rí nọ́ńbà kan náà. Èyí dára gan-an, nítorí pé ogún àpótí tó bá jọ gbéra yóò jọ dé. Ẹ má lo `Date.now()`, torí pé aago kọ̀ǹpútà lè di títún ṣe lójijì, kó padà sẹ́yìn. `performance.now()` kì í padà sẹ́yìn.

Ohun kan wà níbẹ̀ tí kò hàn síta. Mo fi `performance.now()` mú àkókò ìbẹ̀rẹ̀ nígbà tí wọ́n tẹ bọ́tìnì, mo sì yọ ọ́ kúrò nínú nọ́ńbà tí férémù gbé wá. Nígbà mìíràn, àpótí máa ń ta sẹ́yìn díẹ̀ kó tó gbéra síwájú, ìdá píksẹ́lì kan lásán. Ohun tó ń ṣẹlẹ̀ ni pé férémù lè ti bẹ̀rẹ̀ kí wọ́n tó tẹ bọ́tìnì inú rẹ̀. Àkókò férémù wá ṣáájú àkókò tí mo mú, `t` sì kéré ju òdo lọ. Báyìí, mi ò mú àkókò ìbẹ̀rẹ̀ rárá títí férémù àkọ́kọ́ yóò fi dé. Nọ́ńbà tó bá gbé wá ni ìbẹ̀rẹ̀.

Táàbù tí èèyàn gbé pamọ́ tún ní ọ̀rọ̀ tirẹ̀: `requestAnimationFrame` kì í sáábà ṣiṣẹ́ níbẹ̀. jQuery, láíbírárì JavaScript mìíràn, gbìyànjú rẹ̀ ní ẹ̀dà 1.6, ó yọ ọ́ kúrò ní 1.6.3 nítorí àwọn animation tí kóòdù àwọn èèyàn ń kó jọ nígbà tí táàbù bá fara pamọ́, tí wọ́n á sì tú jáde lẹ́ẹ̀kan náà nígbà tí wọ́n bá padà dé. Ọdún 2016, ní ẹ̀dà 3.0, ló tó dá a padà. GSAP ní ọgbọ́n tó wù mí: bí àlàfo láàárín férémù méjì bá ju 500 milisẹ́kọ́ńdì lọ, yóò ṣe bí ẹni pé 33 péré ló kọjá. Irú rẹ̀ ni mo fi sí tèmi.

Mo wá yọ aago náà kúrò nínú láíbírárì pátápátá, mo sọ ọ́ di ohun tí ẹ ń gbé wá fún un. Nínú ìdánwò, aago tèmi dúró jẹ́ẹ́ títí mo fi ní kó rìn. Mo ní kó di 500, mo bi àpótí pé níbo ló wà, ó ní 70. Mi ò nílò bùráúsà, mi ò sì dúró de ìṣẹ́jú àáyá kankan. Ohun tó mú kó ṣeé ṣe ni pé aago ò mọ nǹkan kan nípa àwọ̀ tàbí igun, àwọ̀ àti igun ò sì mọ nǹkan kan nípa aago. `t` nìkan ló ń kọjá láàárín wọn.

Bẹ́ẹ̀ ni mo rò, títí ẹnìkan fi lo easing (ìlànà tó ń sọ bí ìrìn ṣe ń yára tàbí falẹ̀) tó máa ń kọjá ibi tó ń lọ kó tó padà. `t` lè di 1.07 nínú irú rẹ̀. Fún àpótí, ó rẹwà: ó kọjá 120 díẹ̀, ó padà, ó jókòó. Fún àwọ̀, láti búlúù lọ sí pupa, pupa di 273, búlúù di -18. Kọ 273 ní onímẹ́rìndínlógún, lẹ́tà mẹ́ta ló ń gbà, `111`. Kọ -18, `-12` ló jáde. `#11100-12` ni mo gbé fún bùráúsà. Kò gbà á, ó fi àwọ̀ tó wà níbẹ̀ tẹ́lẹ̀ sílẹ̀, bọ́tìnì náà sì dúró gbagidi nígbà tí àpótí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ ń jó. Mo kọ́kọ́ fẹ́ fi òfin de easing pé kó má kọjá 1. Ìyẹn ì bá ba ti àpótí jẹ́. Irú dátà ló mọ ibi tí ààlà rẹ̀ wà. Mo fi ìgé náà sínú `ko` ti àwọ̀: 0 ni ìsàlẹ̀, 255 ni òkè.

Férémù ìparí kì í bọ́ sórí 1000 gẹ́lẹ́, ó lè jẹ́ 1003, nítorí náà tí àkókò bá ti pé, mi ò ṣe ìṣirò mọ́, iye ìparí tí wọ́n fún mi gan-an ni mò ń kọ síta. Nínú èdè tí 0.1 àti 0.2 ti jẹ́ 0.30000000000000004, bí ó ṣe yẹ nìyẹn.

Ohun tó kù lọ́wọ́ mi báyìí ni `matrix`, nọ́ńbà mẹ́fà tí CSS fi ń sọ ibi tí nǹkan wà, igun rẹ̀ àti bó ṣe tóbi tó. Mo pò ó lẹ́yọ lẹ́yọ bí nọ́ńbà, láti `matrix(1, 0, 0, 1, 0, 0)` sí `matrix(-1, 0, 0, -1, 0, 0)`, ìyẹn yíyí 180. Àpótí náà ò yí rárá. Ó ń kéré sí i, ní ìdajì ọ̀nà gbogbo nọ́ńbà inú rẹ̀ di òdo, ó pòórá, ó sì tún hù jáde lódìkejì. Bí mo bá sì ní kó yí 360, kò ní mira, torí pé `matrix` ìbẹ̀rẹ̀ àti ti ìparí jẹ́ ọ̀kan náà. `ka` tirẹ̀ ni mò ń kọ lọ́wọ́, tí yóò máa tú u sí ibi tó wà, igun rẹ̀ àti bó ṣe tóbi tó, kí `po` tó fọwọ́ kàn án.